Nígbà tí Bàbá Ṣíwọ́ Èébú

Bàtà ni ọkùnrin kan kọ́kọ́ rí, bàtà iṣẹ́ tí imú rẹ̀ ti bó, lókè téńté àkàbà kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. Ó rí ṣòkòtò tí eruku igi ti bò, ó rí òòlù tó há sínú bẹ́líìtì, ó wá rí ojú obìnrin kan tó fi eyín di ìṣó mú, tó sì fi èjìká gbé odidi ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ké, òun gan-an kò mọ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ níkùn.

Obìnrin náà yọ ìṣó lẹ́nu. Ó bi í bóyá ọmọ kan ló gbàgbé ohun ìṣeré sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní rárá o, irinṣẹ́ òun ni. Obìnrin náà wo pẹ́pẹ́yẹ, ó wo ẹni tó mú un dání, ó wo òòlù tó wà ní ìbàdí ara rẹ̀.

"Irinṣẹ́ kúkú ju irinṣẹ́ lọ," ló wí, ó dá ìṣó padà sẹ́nu, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n máa ń ṣe ní ọrùn, tó jẹ́ pé ojú aláìsàn máa ń là sílẹ̀ kedere ni. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tí ọrùn kò fi ní mọ ìrora, wọ́n á sì fi ẹ̀mú pa ẹnu iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ dé, kí wọ́n lè ráyè tú u, kí wọ́n fọ inú rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò tí ẹ̀mú bá wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọrùn nìkan ló ń bọ́ ọpọlọ. Ṣé ó tó, àbí kò tó? Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ tó aláìsàn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ jókòó síbi orí rẹ̀, kó máa bá a sọ̀rọ̀, kó sì fi pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà sí i lọ́wọ́. Bí ẹnu bá ń dáhùn, tí pẹ́pẹ́yẹ sì ń ké nígbà tí wọ́n bá ní kó ké, àlàáfíà ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí tí pẹ́pẹ́yẹ bá yadi, ebi ń pa ọpọlọ nìyẹn, kí oníṣẹ́ abẹ tètè wá nǹkan ṣe.

Ẹni tó ń jókòó síbi orí yẹn ni ọkùnrin wa. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú. Nítorí pé ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún gbogbo aláìsàn ni "ẹ bá mi sọ̀rọ̀," àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Bámisọ̀rọ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, ó ń jẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Èyí tí kò há tẹ́lẹ̀, Bámisọ̀rọ̀ á ní ó ń há. Èyí tí kò dún, ó á ní ó ń dún lóun létí. Obìnrin náà á gbé àkàbà wá, á ṣí ilẹ̀kùn, á tì í, á wo ọkùnrin náà, á ní kó wá fi ìka han òun ibi tó ti ń dún. Bámisọ̀rọ̀ á máa wá ariwo tí kò sí kiri. Nígbà tó yá, obìnrin náà ní ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ti gbádùn ju àwọn tó ń sùn síbẹ̀ lọ, pé bí ó bá jẹ́ òun ló fẹ́ rí, kó mọ ilé. Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin náà àti bàbá rẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní òpin òpópónà, ilẹ̀kùn àti àga ni wọ́n ń ṣe. Bàbá náà ló kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá gbé pákó ńlá láìpe èkejì. Bí Bámisọ̀rọ̀ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Káfíńtà mi ló ń pe obìnrin náà. Obìnrin náà kò pè é ní olówó orí, kò pè é ní ọkọ, Ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ ló ń pè é, ọ̀nà tó sì ń gbà pè é, ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dọ́kàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá jáde lọ ra ìṣó, obìnrin náà ní kó fi iṣan tó máa ń sọ yìí han òun. Bámisọ̀rọ̀ mú méjì nínú ìka obìnrin náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gògóńgò obìnrin náà fúnra rẹ̀, lábẹ́ egungun àgbọ̀n, ó rọra tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó ní láti inú àyà ló ti ń gòkè bọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bó bá dé ibi tí ìka wà yìí, ó á là sí méjì. Ẹ̀ka kan ń lọ sí ojú, sí ahọ́n, sí awọ orí, bó ṣe ń lọ ló ń ṣe ìtọrẹ. Ẹ̀ka kejì ahun ni, kì í ta ẹ̀kán kan sílẹ̀ fún ọrùn, ó di inú agbárí, ó di ọpọlọ àti ẹyinjú. Ibi tó ti là yẹn gan-an ni ọ̀rá máa ń fẹ́ràn láti dì mọ́, bí pàǹtí ṣe máa ń dúró síbi tí gọ́tà bá ti yà.

Obìnrin náà ń gbọ́ bó ṣe ń lù lábẹ́ ìka.

"Ó ń sáré," ló wí.

"Tìrẹ nìyẹn. O ò tíì gbọ́ tèmi."

Ó wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú pọ̀ láé, fún ẹnikẹ́ni, nítorí aṣọ́nà kékeré kan wà níbi ìlàjì yẹn tó máa ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tì tó han ọkàn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ọkàn á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, á fà sẹ́yìn, èèyàn á sì dákú. Obìnrin náà na ọwọ́ méjèèjì sí ọrùn Bámisọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó ní ṣé bí òun bá dì í mú báyìí, ó á ṣubú nìyẹn?

"O ò tíì dì í mú, mo ti ṣubú."

Ó wá di ọjọ́ tí Bámisọ̀rọ̀ lọ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún àwọn òbí. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó mẹ́nu mọ́, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá kò kọ̀ ọ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó tiẹ̀ ń sọ ìtàn. Àwọn àlejò méjì kan wà níbẹ̀, aládùúgbò àti ìyàwó rẹ̀. Bàbá ń sọ fún wọn pé ayé ti sú ojú òun, pé ní ìgbà míì nǹkan kan á ṣàdédé wálẹ̀ bí aṣọ fèrèsé bo ojú òsì, òun kò ní rí nǹkan kan, kí òun tó fi ọwọ́ ra ojú, ó á tún ká sókè. Ó ní eruku igi ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Bámisọ̀rọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé pé ọmọ ni òun wá tọrọ. Iṣẹ́ gbé e wọ̀.

"Kì í ṣe eruku, sà," ló wí. "Iṣan ọrùn yín ló ń dí. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn o, rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá fi ìka yí orí ara rẹ̀ ká, ó ta á, ó ní Olúwa má jẹ̀ẹ́. Ìyàwó aládùúgbò wo ilẹ̀. Bàbá kò ṣe ju pé ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Òun ló ṣe ilẹ̀kùn náà, kò tiẹ̀ dún.

Láti ọjọ́ náà, bàbá kò bá Bámisọ̀rọ̀ sọ gbólóhùn kan mọ́. Bámisọ̀rọ̀ kí i, kò dáhùn. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wá tọrọ àforíjì, bàbá gbé ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ pákó tí kò sẹ́ni tó rán an. Ó rán aládùúgbò sí i, aládùúgbò padà wá, ó ní bàbá ní wọ́n ti ń fi ohun rere tọrọ ọmọ láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, òun kò rí ẹni tó fi rọpárọsẹ̀ tọrọ rí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ní kó lọ ńkọ́? Bàbá ní òun kò lọ, pé bí òun bá lọ, ó di pé òun ti gba ẹ̀bùn náà nìyẹn.

Káfíńtà náà bínú sí àwọn méjèèjì. Ó ní Bámisọ̀rọ̀ ì bá ti pe òun sẹ́yìn, òun ì bá mọ ọ̀nà tí òun máa gbé e gbà.

"Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Mi ò ní kó o dákẹ́. Gbogbo ayé lò ń bá sọ̀rọ̀ gbowó oṣù, bàbá mi nìkan lo ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin, nítorí òótọ́ ni. Obìnrin náà sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, òun kò ní purọ́ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun kì í dá lóhùn. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń ba òun. Ojoojúmọ́ ni òun àti bàbá òun jọ ń gbé pákó, òun kò lè bá bàbá di pákó mú lọ́wọ́ kan kí òun di ọ̀tá rẹ̀ mú lọ́wọ́ kejì. Bámisọ̀rọ̀ ní ó dáa. Kò dáa, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyẹn. Ó dẹ́kun àtimáa gba òpópónà náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òòlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́ràn. Ó fẹ́ pe ọmọ rẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ ti padà, ohùn ti padà, bàbá sì ní kí wọ́n gbé òun padà sílé. Ọmọ rẹ̀ ní kò jọ ọ́. Ẹ̀rọ ayàwòrán fi hàn pé iṣan ọrùn òsì ti dí débi pé ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ kò ju òwú lọ. Dókítà àgbà, obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ le, ní iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí èyí tó wá tó lọ yìí, ìkìlọ̀ lásán ni. Eruku igi sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró bàbá jẹ́, kò lè gba oògùn oorun. Ojú rẹ̀ ló máa là sílẹ̀.

Ẹni méjì ló ń ṣiṣẹ́ pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀. Òtútù ti mú èkejì, ohùn rẹ̀ ti wọlé pátápátá. Ó ku Bámisọ̀rọ̀.

Ó lọ bá dókítà àgbà, ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ọkùnrin yìí kò lè fojú kan òun. Dókítà ń fọ ọwọ́, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ṣé ó fẹ́ràn rẹ ni mo bi ọ́? Ṣé o lè mú un sọ̀rọ̀ ni mo bi ọ́."

Wọ́n sọ ẹni tó máa jókòó síbi orí rẹ̀ fún bàbá, wọ́n ní bí kò bá fẹ́, àwọn á wá ọgbọ́n míì dá. Bàbá ní àga ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àga òun, ẹni tó bá wù ú kó jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀rù ba Bámisọ̀rọ̀. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe bàbá yìí lórí tábìlì, kì í ṣe àárẹ̀ ni wọ́n máa sọ pé ó ṣe é. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Òun ló ké, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ó rí káfíńtà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó dúró ti ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tó máa wà nítorí kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Obìnrin náà kò bá a sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó kàn ní, "Ohunkóhun tó bá sọ sí ọ níbẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́." Ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Wọ́n ta aṣọ bo bàbá láti ọrùn lọ sílẹ̀, ó dà bí àgọ́ kékeré, orí bàbá àti orí Bámisọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n yí ojú bàbá sí apá ọ̀tún, ojú wọn kọ ojú. Pẹ́pẹ́yẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, nítorí apá òsì ọpọlọ ló ń darí apá ọ̀tún ara, òun náà ló sì ń darí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí wọ́n tó fi ẹ̀mú sí i, wọ́n ní kó tẹ pẹ́pẹ́yẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ìkanra. Dókítà ní òun ti fi ẹ̀mú dì í o.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, sà."

Bàbá kò wí nǹkan kan.

Ó tún un sọ. Ó ní kí wọ́n sọ orúkọ wọn. Ó ní kí wọ́n ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kò ké, ẹnu kò là. Dókítà béèrè láti òdìkejì aṣọ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ń na ọwọ́ sí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń kì bọ inú iṣan, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba inú rẹ̀ yí ẹ̀mú kọjá. Rọ́bà yẹn ń gba èèyàn là, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kì í bọ̀ ọ́ láìnídìí, ó lè já ọ̀rá sílẹ̀, kí ọ̀rá náà sì gba ọpọlọ lọ. Rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń sá fún nìyẹn.

Bámisọ̀rọ̀ wo ojú ọkùnrin náà dáadáa. Ojú náà mọ́lẹ̀ kedere. Ó ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó ki eyín mọ́ eyín. Ọpọlọ tí ebi ń pa kì í bínú báyìí. Orí kunkun ni, kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè fi orí kunkun ṣe ẹ̀rí. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kíá. Bámisọ̀rọ̀ tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá, ẹ sọ gbogbo ohun tó burú lára mi fún mi. Bẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò ní fèsì."

Pẹ́pẹ́yẹ ké tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan fò. Ẹnu bàbá wá là.

"Àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ rọ̀. O ò di òòlù mú rí láyé rẹ. Èkejì, o wá sílé mi, o jókòó sórí àga tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, o fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì dúró, o ń mì lórí rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin."

Dókítà fi rọ́bà sílẹ̀, ó ní ohùn yẹn tó, kó máa bá a bọ̀. Bàbá kò nílò kí wọ́n tì í. Ó ní ìkẹta, ó ń pe ọmọ òun ní káfíńtà rẹ̀ níṣojú òun, bí ẹni pé òun ti kú, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà? Ó ní aṣọ tó wọ̀ wá lọ́jọ́ náà fún un lọ́rùn. Ó ní ìkarùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín ìtàn ara rẹ̀ kó tó parí rẹ̀. Ó fi kún ìkarùn-ún yẹn pé ẹnu rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, Bámisọ̀rọ̀ á ní "pẹ́pẹ́yẹ, sà," pẹ́pẹ́yẹ á ké, èébú á sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi ìbomú bo ẹ̀rín. Dókítà ti tú iṣan náà, ó ń yọ ọ̀rá jáde lára rẹ̀, ó ní èébú bàbá yìí dùn ju orin tí wọ́n máa ń yí sí òun lọ.

"Ìkẹfà," ni bàbá wí, "ìkẹfà, o..."

Ó dúró. Gbogbo ojú rẹ̀ tó ti ń le láti àárọ̀ wá rọ̀, ìlà iwájú orí rẹ̀ tú. Ó wo Bámisọ̀rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ó dáa," ló wí. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Mú un. Mú ọmọ náà. Ó dáa."

Nọ́ọ̀sì kan ní ẹ kú oríire o. Ẹlòmíì ní ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn nílé ìwòsàn. Inú Bámisọ̀rọ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Inú rẹ̀ dùn tó fi jẹ́ pé fún bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó jókòó sínú ọ̀rọ̀ náà, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń tọrọ látọjọ́ yìí náà ló bọ́ sí i lọ́wọ́, níṣojú ẹlẹ́rìí, tí kò sẹ́ni tó fipá mú bàbá.

Ó wá bi í, "Bàbá, kí ni ìkẹfà?"

"Ó dáa."

"Ẹ tẹ pẹ́pẹ́yẹ fún mi, sà."

"Ó dáa. Mú un."

Ọwọ́ náà tẹ́ sílẹ̀ gbẹrẹfu, pẹ́pẹ́yẹ ń yọ́ jáde nínú rẹ̀.

"Dókítà, ẹ fi rọ́bà sí i," ni Bámisọ̀rọ̀ wí. "Bàbá ti ṣíwọ́ èébú."

Dókítà kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki rọ́bà bọ ìsàlẹ̀ iṣan, ó ki orí kejì bọ òkè, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Bámisọ̀rọ̀ di ọwọ́ bàbá mọ́ ara pẹ́pẹ́yẹ, ó ń pè é, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bú òun, kó jọ̀ọ́, kó bú òun. Ìka kan mira. Òmíràn tẹ̀ lé e. Pẹ́pẹ́yẹ ké kékeré, ó tún ké, ó wá ké bó ṣe yẹ kó ké. Iwájú orí bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìlà padà.

"Ìkẹfà," ni bàbá wí, "o kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀."

Ẹkún gbọ̀n Bámisọ̀rọ̀ nínú àgọ́ aṣọ náà, ó sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ máa wí."

Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn tó ń dúró lóde pé iṣan ti mọ́, wọ́n ti rán an, bàbá ti dá ṣáṣá. Kò lè pa ìyókù mọ́ra, ó sọ ọ́ pọ̀. Káfíńtà náà dúró títí Bámisọ̀rọ̀ fi jáde, ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Wọ́n ní bàbá mi ní kó o mú mi. Wọ́n ní gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. O ò lè dì í mú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni?"

"Ẹni tó sọ ọ́ ò sí nílé nígbà tó sọ ọ́."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó gbé iwájú orí lé e láyà níbẹ̀, níṣojú àwọn tó ń kọjá, kò sì tètè gbé e kúrò.

Nígbà tí bàbá ti lè jókòó, tí ìyá ń fún un ní omi mu díẹ̀díẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ọkùnrin yẹn wá. Kò dárúkọ rẹ̀. Bámisọ̀rọ̀ wọlé, ó dúró jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá fi ìka kan kan ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ tí wọ́n dì.

"Wọ́n ní mo fún ẹ lọ́mọ lórí tábìlì."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, sà. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ọpọlọ yín nígbà yẹn."

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan ló ṣe mí." Ẹ̀rín fẹ́ pa bàbá, ojú abẹ ta á, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, kò yára. "Àwọn kan ní ó yẹ kó o dì í mú. Kí ló dé tó ò dì í mú?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà láàyè kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, sà."

Ìyá gbé ife sílẹ̀. Bàbá tún fi ìka kan ọrùn tí wọ́n dì.

"Ẹ̀jẹ̀ ti ń débẹ̀ báyìí," ló wí. "Bi mí."

Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, ọ̀rọ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò rí ẹwà kankan fi kún un. Ó ní òun fẹ́ràn ọmọ wọn, òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbà fún òun.

"Mo gbà," ni bàbá wí.

Ó ní kó tún un bi, kí ìyá ọmọ náà gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé oògùn ló ń sọ̀rọ̀. Bámisọ̀rọ̀ tún un bi. Bàbá tún un gbà, ó là á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà fi fèrèsé sílẹ̀, ó wá dúró tì í, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú bàbá rẹ̀.